Ojú Òkìkíolúwa

Ìyá mi, oṣù kẹta rèé tí a ti sin yín sí Erinje. Ara wa le. Èmi nìkan ni mò ń jókòó ti iná tí a fi ń yan ìṣù ẹ̀gẹ́ pupuru.

Làkúrègbé tó ká ìka yín kò yẹn ti wọ orúnkún Òkìkíolúwa ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún. Àdín tí mo fi ń pa ọwọ́ yín ni mo fi pa á. Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n, mo ní Àpólò lásán ni.

Nígbà tí mo gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ní, "Màdáàmù, làkúrègbé tọmọdé kò rí bíi tàgbà. Ó máa ń dé ojú." Ojú rẹ̀ kan ti ń ṣe bàìbàì.

Lánàá Òkìkíolúwa mọ pupuru kan. "Mọ́mì, ṣé ó rí róbótó bíi ti Màmá Àgbà?"

Mo ní ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ẹ bá mi kí Bàbá lọ́hùn-ún. Màá máa kán oògùn tí dókítà fún wa sí i lójú láràárọ̀.

Ọmọ yín,
Aníwúrà