Ọtí Mi Yóò Wà Lórí Tábìlì Níbi Ìrántí Bàbá

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn orí òkè, ẹ kú ìtọ́jú ilé tí Bàbá fi sílẹ̀ fún yín. Èmi Ṣadé ọmọ yín ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlaròó níbí, orúnkún mi méjèèjì ló wà nílẹ̀. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Kúnlé, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Mo kí Bàbá Kékeré, kí wọ́n má bínú pé mi ò tíì pè wọ́n láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ara mi le. Mò ń jẹun, mò ń sùn, iṣẹ́ ń lọ.

Ìdí tí mo fi ní kí àwọn oníwèé ìròyìn bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde kí gbogbo ayé lè kà á ni pé ojú gbogbo ẹbí ni Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ mi. Lórí Wasáàpù ẹbí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé níbi ìrántí Bàbá tí a fẹ́ ṣe ní Disẹ́ńbà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọtí tí Ṣadé pọn sórí tábìlì. Wọ́n ní mọ́ọ̀tì àti ẹlẹ́rìndòdò la máa rà, ó parí. Wọ́n tún ní kí n fi ọtí pípọn sílẹ̀, kí n padà wá sí Ẹ̀fọ̀n, kí n wá bá ìyàwó wọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó kà á pọ̀, àwọn mìíràn sì fi àwòrán ẹ̀rín sí i. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò sọ nǹkan kan. Nítorí náà ẹ̀yin ni mò ń kọ̀wé sí, kí àwọn tó rẹ́rìn-ín bá yín kà á. Mi ò ní fi ọtí pípọn sílẹ̀. Ọtí mi yóò wà lórí tábìlì Bàbá.

Mo mọ ohun tó ń bí Ẹ̀gbọ́n nínú. Ní Ọdún Àjíǹde tó kọjá, mo kó ọtí wá sílé. Mo ti fọ́nnu lórí fóònù pé ẹ ò tíì mu irú rẹ̀ rí. Nígbà tí a ṣí i, ó ti pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ irin tó dípẹtà, òórùn ọsàn tí mo fi ń yangàn ti lọ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n ní ó ń rùn bí páálí tí òjò pa. Wọ́n da tiwọn sídìí igi ọsàn, Bàbá Kékeré náà da tiwọn, àwọn àlejò sì tẹ̀lé wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ mu tiyín tán, Màmá. Mo rí bí ojú yín ṣe ń rún pọ̀. Mo rí bí ẹ ṣe gbé ife náà kalẹ̀ tí ẹ ní ó tutù dáadáa. Ojú tì mí, inú sì bí mi, àmọ́ ìbínú yẹn ló gbé mi padà sídìí iṣẹ́.

Àwọn kan á ní Ìlaròó kì í ṣe òkè òkun, kí ló dé tí mò ń kọ lẹ́tà bí ẹni tó sọdá omi. Kí wọ́n wá gbé ibí wò. Ní Ẹ̀fọ̀n wa, èèyàn á wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan. Níbí, tó bá ti di oṣù Máàṣì, páànù orí ilé á máa ta bí ẹni ń yan àgbàdo. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń ti Ìbéṣè kó sìmẹ́ńtì bọ̀ á ya wọ ilé àlejò tí mo ti ń se oúnjẹ, eruku á bá àwọn awakọ̀ wọlé, màá sì gbọ̀n ọ́n kúrò lórí tábìlì kí n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Tí mo bá la ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín pé ará Èkìtì ti dé. Mo ti kọ́ láti bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń ṣòro. Lẹ́yìn tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, olúkúlùkù á mú ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ pọ̀n, ní Ayétòrò, ní Ẹ́gùá, èmi á wá jókòó síwájú yàrá mi, màá máa wo àgùtàn onílé.

Ìgbà yẹn ni Bùrọ̀dá Kòjó fi iṣẹ́ yìí hàn mí. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, a jọ ń se oúnjẹ ní ilé àlejò. Ó ti bá ẹnì kan pọn ọtí rí ní Kùtọnù, ó sì mọ ẹni tó ń kó èèlò rẹ̀ gba ẹnubodè wá. Ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù, tí wọ́n sì sá gbẹ, la máa ń rẹ sínú omi gbígbóná, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì gbé omi rẹ̀ kaná. Lẹ́yìn náà la ó da òdòdó kan sí i tí Kòjó ń fi Faransé pè ní ùbúlọ́ọ̀n. Èmi ń pè é ní òdòdó kíkorò, nítorí ó korò. A ó da díẹ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀ kí ọtí lè korò, a ó da púpọ̀ sí i nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó lè ta sánsán. Tó bá tutù, a ó fi yíìsì sí i, a ó rọ ọ́ sínú ike ńlá, a ó dé e pa. Rọ́bà dírípù tí mo rà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì ni mo fi já sínú ìgò omi láti orí ìdérí, kí èémí ọtí lè máa jáde kí afẹ́fẹ́ má sì wọlé. Tó bá dára, òórùn rẹ̀ á dà bí èèpo ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

Kò kọ́kọ́ dára. Èyí tí mo kọ́kọ́ pọn ń rùn bí ásítóònù tí àwọn ọmọge fi ń nu èékánná, ẹni tó bá sì mu ún, orí á máa fọ́ ọ di ọjọ́ kejì. Kòjó ní ooru yàrá mi ló fà á. Ó ní yíìsì tí ooru bá mú á máa fi wàdùwàdù ṣiṣẹ́, á sì máa pọ ìdọ̀tí sínú ọtí. Bí mo ṣe gbé ike náà sínú bàsíà omi nìyẹn, mo fi àpò tútù wé e, mo ń ju píọ̀ wọ́tà dídì sínú bàsíà náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹlẹ́ja yìnyín tó wà lójúde wa ló ń bá mi dì í. Èyí tó tẹ̀lé e kan bí ògì ọjọ́ pípẹ́. Kànìnkàn onírin tí mo fi ń fọ ike ló ti ha á lára, ìdọ̀tí sì ti sá pamọ́ sínú àwọn ojú ibi tó ha náà. Mo sọ ọ́ di ike omi ìfọṣọ, mo ra òmíràn, mo sì ń fi kànìnkàn rírọ̀ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Onílé mi fún mi ní yàrá alámọ̀ kan lẹ́yìnkùlé, tó máa ń tutù nítorí pé ògiri rẹ̀ nípọn. Mo rò pé wàhálà ti tán.

Ibẹ̀ ni ti páálí ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá rọ ọtí sínú ike, á dára. Tí mo bá padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti rọ ọ́ sínú ìgò, á ti pọ́n, òórùn á ti lọ. Irú rẹ̀ ni mo gbé wá fún yín. Nígbà tí mo padà dé láti Ẹ̀fọ̀n, mo bú Kòjó pé òdòdó ọjọ́ pípẹ́ ló ń kó fún mi. Ó bínú, kò dá mi lóhùn títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí. Mo fura sí omi kànga. Mo fura sí eruku sìmẹ́ńtì. Nígbà tí Kòjó máa lanu, ó ní nǹkan kan ṣoṣo ló ń sọ ọtí di páálí, afẹ́fẹ́ ni, ẹnì kan ló ń ṣí i. Mo ní irọ́ ni, pé ọwọ́ ara mi ni mo fi dé e, ta ló fẹ́ ṣí i?

Ní ọjọ́ kan ibà mú mi níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé láàárọ̀. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Màmá, Ìyá Onílé ni mo bá lórí àpótí nínú yàrá alámọ̀. Ìdérí ike mi wà lórí itan wọn, ọmọrogùn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ro ọtí mi. Wọ́n ń kí i bí ẹni ń kí ọmọ tuntun, pé ṣé ó jí dáadáa, pé kí ó má ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n bù díẹ̀ sínú igbá, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n dé e padà, wọ́n sì fọwọ́ gbá a lórí pẹ̀lẹ́.

Wọn ò tilẹ̀ ta gìrì. Èmi ni wọ́n bá wí. Wọ́n bi mí pé irú èèyàn wo ló ń pọn ọtí tí á sì máa jáde lọ láàárọ̀ láì kí i. Wọ́n ní inú yàrá yẹn gan-an ni ìyá wọn ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo, pé àràárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, tí wọ́n ń rò ó, tí wọ́n ń tọ́ ọ wò, pé ọtí tí a kò bá kí á bínú kú. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wá síbẹ̀ làwọn ti ń bá mi ṣe é, àwọn ò sì béèrè ọpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń mu ún tán, afẹ́fẹ́ ò sì rí i ṣe. Àmọ́ òdòdó kíkorò ò lè fara da afẹ́fẹ́ rárá.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ibà lára, ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Nígbà tí Kòjó gbọ́, ó ní kí n ra àgádágodo sí yàrá náà. Mo ní mi ò rà. Nínú ìlú tí mi ò ti ní ẹbí, ẹnì kan wà tó ń jí lójoojúmọ́ láti kí ohun tí mo fi sílẹ̀. Mi ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítorí ọtí.

Ìkòkò kékeré kan ni mo lọ rà. Tí mo bá ti pọn ọtí, màá bu díẹ̀ sínú ìkòkò náà fún Ìyá Onílé, kí wọ́n máa ṣí i, kí wọ́n máa rò ó, kí wọ́n máa kí i, kí wọ́n sì mu ún kó tó pẹ́. Ní ti ike ńlá, mo fi rọ́bà dírípù hàn wọ́n, bí omi inú ìgò ṣe ń hó pọ́kú pọ́kú. Mo ní ọtí náà ló ń dáhùn, kí wọ́n máa kí i láti ìta. Wọ́n dẹtí sí i títí, wọ́n ní ó gbọ́n ju ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ìyá àwọn lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kí i.

Nígbà tí a ṣí ìgò àkọ́kọ́, òórùn ọsàn gba inú yàrá kan. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin. Kòjó mu tiẹ̀, ó kàn tún na ife rẹ̀ sí mi. Ọ̀gá ilé àlejò wa ti ní kí n máa pọn ún fún àwọn àlejò tó ń sùn mọ́jú. Owó rẹ̀ ò tíì pọ̀, àmọ́ òun ni mo fi ra wáyà iná tí ẹ ń lò nílé báyìí, èyí tí ẹ rò pé owó oṣù mi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi sọ́nà ilé ìwé. Àmọ́ mi ò ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lórí èyí. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn pé obìnrin tó ń pọn ọtí ò ní rọ́kọ fẹ́. Ìyá Onílé mi ní ọtí ni ìyá àwọn fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ nínú ilé ọkọ. Ẹ sì rò ó wò, Bàbá wa tó ń jẹ orógbó láìfi omi sin ín, tó ń mu omi ewúro láàárọ̀ láì runjú, tó máa ń ní ọmọdé ló ni mọ́ọ̀tì, mọ́ọ̀tì lẹ fẹ́ fi rántí wọn? Ohun tó korò ni Bàbá fẹ́ràn. Èmi ni mo mọ bí a ṣe ń pọn ọ́n nínú ilé wa, mi ò sì tọrọ àyè.

Ẹ ra mọ́ọ̀tì yín, kò sí ìjà. Ìdí igi ọsàn náà ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ da tiẹ̀ nù. Màmá mi, ìkòkò kékeré kan á bá mi wá, tiyín ni, ẹ máa ṣí i, kí ẹ sì máa kí i bó ṣe wù yín. Àwọn ìgò, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní dídé títí a ó fi jókòó.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí Ẹ̀gbọ́n, mo ní kí inú wọn rọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹsẹ̀ yín ò ní kọ̀ lórí òkè yẹn, ojú yín ò ní ríbi. Ife tí ẹ fi mu èyí tó bàjẹ́ tán, ẹ bá mi fọ̀ ọ́ kí ẹ gbé e pamọ́. Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bu ọtí sí.

Èmi ni ọmọ yín tí kò yí padà,
Ṣadé.