Ìyálé àti Ìyàwó Inú Kọ̀ǹpútà Bánkẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1/6/99
Kọ̀ǹpútà Bánkẹ́ ọmọ mi tún ti yadi. Èrò kún ṣọ́ọ̀bù, kálukú ń retí íméèlì ọmọ tó wà lókè òkun, ẹ̀rọ ní òun ò rí tẹlifóònù tí íméèlì ń gbà wọlé. Tẹlifóònù sì rèé lórí tábìlì tó ń dún.

Ìyàwó méjì, ìyẹn ètò méjì tó ń darí ẹ̀rọ, ló wà nínú ẹ̀rọ yìí. Wíńdò ni Ìyálé — òun ló bá ẹ̀rọ wá. Línọ́ọ̀sì ni Ìyàwó — Ajíbóyè, ọmọ tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe, tó kàwé ní poli Ẹ̀sà-Òkè, ló mú un wọlé, ó ní òun ló mọ íméèlì í gbé jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe ọmọ náà ní Alárinà. Bí a bá tan ẹ̀rọ, yóò kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí a fẹ́ wọlé tọ̀. Bánkẹ́ ní kí n yé sọ bẹ́ẹ̀ níwájú oníbàárà.

Ọjọ́rú, 2/6
Alárinà wá. Ó pa ẹ̀rọ, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ eruku, ó dè é padà, ó tàn án. Ìyàwó fọhùn lójú ẹsẹ̀. Mo bi í bóyá afẹ́fẹ́ ẹnu ni gbogbo oògùn tí wọ́n kọ́ ọ ní Ẹ̀sà-Òkè. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 3/6
Ó tún ti yadi.

Ọjọ́ Ẹtì, 4/6
Alárinà tún wá, ó tún ṣe é. Ó ní ó jọ pé ẹnìkan ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí kí Bánkẹ́ tó dé láàárọ̀. Mo ní ta ni? Èmi tí n ò kà kọjá Sítáńdáàdì Mẹ́ta? Bánkẹ́ mi orí, ó gbà mí gbọ́.

Irọ́ ni. Èmi ni mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá gbálẹ̀ tán, ma wọlé tọ Ìyálé, ma ta ayò káàdì tó wà nínú rẹ̀ — pupa lórí dúdú, dúdú lórí pupa. Bí mo bá gbúròó bàtà Bánkẹ́, ma tẹ ibi tó ń mú ẹ̀rọ yí padà sọ́dọ̀ Ìyàwó. Ọmọ á wọlé, á bá Ìyàwó níbẹ̀ jẹ́ẹ́. Kí ni káàdì? Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo lé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa nídìí káàdì, tí mo pè wọ́n ní ọmọ ègbé.

Ọjọ́ Ajé, 7/6
Yadi. Oníbàárà ń fà sẹ́yìn. Mo sọ lójú gbogbo wọn pé ọmọ yìí ló ń bà á jẹ́ kí a lè máa wá a. Mo sọ ọ́ ní Bà-á-jẹ́-tún-un-ṣe. Wọ́n rín títí. Gbogbo àdúgbò wa, Ìgbóná, ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12/6
Ìmẹ̀sí-Ilé. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Ajíbóyè àti Jọmílójú ọmọ Gbádéyan. Bánkẹ́ ní kí n lọ ṣojú òun.

Ọwọ́ mi ń kọ ọ́, ojú ń tì mí. Òṣómàáló ni mí nígbà èwe — a ó ta aṣọ láwìn, bí ọjọ́ bá pé, a ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, a ò ní jókòó, a ò ní jẹun, títí yóò fi dáhùn. Mo ní kí n fi dá àwọn àna lára yá. Bí wọ́n ṣe ní kí ẹbí ọkọ máa bọ̀ níwájú, mo ká agbádá sókè, mo lóṣòó sí àárín àgbàlá. Mo ní n ò ní dìde àyàfi tí Bà-á-jẹ́-tún-un-ṣe bá fún mi ní kọ̀ǹpútà tí kì í yadi.

Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú. Ìyá Jọmílójú gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọn kì í lóṣòó de èèyàn lásán. Gbádéyan ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. A ti gbọ́." Wọ́n dá èso padà fún ẹbí Ajíbóyè, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìwádìí sí i nípa ọmọ tí wọ́n ń lóṣòó dè.

Orúnkún mi ti há. Ajíbóyè ló gbé mi dìde.

Ọjọ́rú, 16/6
Iléṣà ni mo wà láti ọjọ́ náà, lọ́dọ̀ àbúrò mi. N ò lójú tí ma fi wo Ìgbóná. Mo dé lónìí. Bánkẹ́ ní láti ìgbà tí mo ti lọ, ẹ̀rọ ò yadi mọ́. Ajíbóyè ò sì dé ibẹ̀. Ó ní ó jọ pé èmi ni ẹ̀rọ ń bá yan odì. Òun ń ṣẹ̀fẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17/6
Mo ta káàdì. Bàtà dún, mo tẹ ibẹ̀. Ìyàwó yadi.

Ọjọ́ Ẹtì, 18/6
Mo ta káàdì. Lẹ́yìn náà mo pa ẹ̀rọ pátápátá, mo dúró títí fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ fi dákẹ́, kí n tó jí Ìyàwó. Ó fọhùn.

Ó ti yé mi. Bí Ìyálé bá fi ìkánjú jáde, ó jọ pé tẹlifóònù ló ń so mọ́ ìdí ìró, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbé orin jáde, tí Ìyàwó ò fi ní rí i. Àfi tí gbogbo ilé bá kú ló tó ń tú u sílẹ̀. Pípa tí Alárinà ń pa á kó tó tú u, ìyẹn gan-an ni oògùn. Òun náà ò mọ̀. Èmi ni.

Ọjọ́ Àìkú, 20/6
Lánàá mo padà sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Gbádéyan — káàdì, bàtà, irọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyálé tó so tẹlifóònù mọ́ ìró! N ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ma gbà sọ ọ́. Mo búra fún un. Ó wá di ọwọ́ mi mú: "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àgbà rere ní í bo ọmọdé láṣìírí. Ẹ jẹ́ kí á ṣì wádìí rẹ̀ fúnra wa."

Wọ́n gbé iyán kalẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́. Wọ́n tún bù ú, mo tún jẹ ẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́ Ajé, 21/6
Mo sọ fún Bánkẹ́. Mo ṣe é lójú rẹ̀: ó yadi. Mo pa á, mo tàn án: ó fọhùn. Bánkẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó mú báàgì, ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọn á gba tirẹ̀ gbọ́. Kì í ṣẹ̀fẹ̀ púpọ̀, ìyá rẹ̀ ló jọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22/6
Ó dé. Ó kí mi bí ẹni kí àlejò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26/6
Ọmọ náà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní àwọn àna ti dá ọjọ́ mìíràn, inú oṣù kẹjọ. Mo ní a dúpẹ́. Kò lọ. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má wá."

Mo wá ẹ̀fẹ̀ kan tí ma fi dá a lóhùn. Mo ní, "Mo gbọ́, Ajíbóyè."