Àgbélébùú Tí Mo Fà Sórí Láfún

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Bàámi lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì kí Ìyá Àgbà ní Ìdèrè.

Ara mi le. Ìlọrin gbóná ju Igbó-Ọrà lọ, ẹ̀kọ́ sì le ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé bóyá wọ́n ṣèèṣì gbà mí sí yunifásítì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà nílẹ̀. Mo máa lẹ ẹ̀dà lẹ́tà yìí mọ́ pátákó ìkéde ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé, torí gbangba ni mo ti ṣẹ̀.

Ẹ ó rántí ọmọ Lánlátẹ̀ tí a jọ ń gbé yàrá, tó bá yín gbé àpótí mi lọ́jọ́ tí ẹ sìn mí wá. Ó gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ náà síta, ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Lọ́dún yìí, ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí bíi tirẹ̀ bọ́ sínú tiwa, àwa méjèèjì la jọ ń retí ìrọ̀lẹ́. Mo wá rí i pé láfún tí ẹ dì fún mi ń dín kù. Dípò kí n béèrè, mo fi ìka fa àgbélébùú sórí rẹ̀ nínú garawa, kí n lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bù ú. Nígbà tí mo ti kíláàsì dé, àgbélébùú ti parẹ́.

Mo pariwo. Mo bi í lójú gbogbo ará yàrá bóyá bí wọ́n ṣe ń gbààwẹ̀ ní Lánlátẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó jẹ́ pé Ìbàràpá ni àwa méjèèjì ti wá, ẹnì kan tilẹ̀ fi wá ṣẹ̀sín pé ará Ìbàràpá ń mú ará Ìbàràpá. Kò jiyàn. Ó ní òótọ́ ni, oúnjẹ òun ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ojú ló ń ti òun láti sọ. Ó ká aṣọ ìbora rẹ̀, ó kó lọ sí yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Màámi, òun ló bu láfún, ṣùgbọ́n èmi ni n kò lè gbàdúrà mọ́. Bí mo bá dé ibi ìdáríjì nínú Àdúrà Olúwa, ẹnu mi á wúwo. Ẹni tí ebi ń pa ni mò ń ṣọ́, mo sì ń pe ara mi ní aláàwẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ro láfún, mo se ọbẹ̀, mo gbé e lọ bá a nígbà tí àkókò ìṣínu tó. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wo abọ́ náà títí, ó ní ṣé mo ti sàmì sí èyí náà ni. Ojú tì mí, ẹ̀rín sì pa wá. Ó jẹun. Ó ní òun ti dárí jì mí, kí èmi náà dárí ji òun. Síbẹ̀, kò tíì padà sí yàrá wa. Ó ní òun ò lè máa jẹun lábẹ́ ojú mi.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ fi láfún rán awakọ̀, ẹ pín in sí àpò méjì ọgbọọgba. Kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀kan. Bó bá ti ọ̀dọ̀ yín wá, tirẹ̀ ni. Kò ní sí ìdí fún un láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọlọ́run á bùkún oko yín, Àjíǹde á bá gbogbo wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí Táyé àti Kẹ́yìn, àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Dúpẹ́