Ogun Orí Ẹní Kò Tíì Parí

“Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ogun kò tíì parí! Tiwalolúwa! Ṣé o ń gbọ́ mi? Ogun kò tíì parí, o kò lè lọ!”

Ohun tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo nìyẹn lábẹ́ igi àgbọn níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó sì pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi sá. Èmi ni akọ̀wé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Rewájú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, ló ránṣẹ́ pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun kí n lè padà sí ilé-ìwé, torí láti ìgbà tí mo ti parí kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti jókòó sí erékùṣù Gberefu yìí bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sórí ààrò. Ìdáhùn bàbá ni mo ń kọ yìí. Inú ìwé tèmi ni mo ti máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́, kí n tó dà á kọ sórí bébà tó mọ́. Èyí tí mo bá fi sáàárín àkámọ́, tèmi ni, kò ní dé Yábàá.

Ọmọ mi Rewájú,

Mo kí ọ bí omi ọ̀sà ṣe ń kí ìdí ọkọ̀, láìsinmi. Ṣé ara rẹ le? Ṣé wọ́n ń sanwó fún ọ déédéé? Ṣé o ń rí ẹja gidi jẹ, àbí èyí tó gan bí pákó tí wọ́n ń kó jáde látinú yìnyín ni o ṣì ń jẹ? Máwù tó dá òkun àti ọ̀sà, tí kò jẹ́ kí ọ̀kan gbé èkejì mì, òun ni yóò dá ọ sí láàárín àwọn ará Èkó. Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, a wà. Ìyá rẹ wà, ó ń bínú. Ewúrẹ́ bí méjì. Àgbọn so dáadáa. Badagry nìkan ni kò sí lọ́wọ́ wa mọ́, Michael ti gbà á.

Má fòyà, kì í ṣe Badagry tí a ń wọkọ̀ lọ rajà ni mo ń wí. Èyí tó wà lórí ẹní ni, nínú páálí eré ogun tí yòvó, òyìnbó ọ̀gá rẹ, fún ọ nígbà tó ń kó lọ sí ìlú rẹ̀, tí o ní kí n máa fi najú. N kò fi í najú o. Ta ló ń fi ìlú najú? Láti ọjọ́ tí a ti tẹ́ àwòrán ilẹ̀ yẹn sórí ẹní ni oorun ti kúrò lójú mi. Èmi ni mo ni Badagry, Michael tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá ló ni Èkó, Tàjùdíìnì tó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ṣe ló ni Ọ̀yọ́ pẹ̀lú gbogbo ẹṣin ibẹ̀. Àbúrò rẹ ló ń ka ìwé òfin fún wa. Tí ọ̀rọ̀ bá ti ta kókó, gbogbo wa á dákẹ́, a ó máa wo ẹnu rẹ̀. Àní Tàjùdíìnì tí kì í gbọ́ ti ìyàwó ara rẹ̀, “Adájọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó sí i” ló ń sọ fún un.

(Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Nínú ilé yìí kò sí ẹni tó ń bi mí ní ohunkóhun ju pé ṣé mo ti fọ ìkòkò. Ṣùgbọ́n n kò lóye ìwé òfin yẹn. Òyìnbó inú rẹ̀ ki bí ẹ̀kọ tó ti sùn. Ojú ewé àkọ́kọ́ yé mi, ojú ewé tó kẹ́yìn yé mi, gbogbo ti àárín, láti orí mi ni mo ti ń kà á. Màá ṣí ibì kan, màá fajú ro, màá fi ìka tọ ìlà, màá ní “Òfin sọ pé,” ohun tí mo bá sì sọ, òfin nìyẹn.)

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí o gbọ́. Adìẹ ìyá rẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin Tàjùdíìnì mì. Ojú gbogbo wa ló ṣe. Tàjùdíìnì ní kí a pa adìẹ. Ìyá rẹ ní kí Tàjùdíìnì kọ́kọ́ pa òun ná. Michael, tí inú rẹ̀ ń dùn, ní ogun ni, nǹkan a máa bá ogun lọ. A gbé ẹjọ́ náà dé iwájú àbúrò rẹ, ó ṣí ìwé, ó kà á pẹ́, ó wá ní òfin sọ pé ẹṣin tó bá wọ inú ẹran ọ̀sìn ti di ìgbèkùn onílé. Wo ọgbọ́n àwọn yòvó! Láti ìlú wọn lọ́hùn-ún, wọ́n ti mọ̀ pé adìẹ yóò wà níbẹ̀! Tàjùdíìnì gbà. Tó bá wọlé wa báyìí, ó máa ń kọ́kọ́ kí adìẹ yẹn, torí ọmọ-ogun rẹ̀ wà lọ́hùn-ún.

(Ojú ewé tí mo kà yẹn, àwòrán ọkọ̀ ojú omi ló kún ibẹ̀.)

Ìwọ yóò bi mí bí Badagry ṣe bọ́. Ọ̀rọ̀ Àjàṣẹ́ ló fà á. Àjàṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àwòrán, kò ní ọba, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, gbogbo wọn ní kí n kọlù ú. Mo ní ìlú ìyá mi ńkọ́? Ojú wo ni màá fi wo àwọn ẹbí ìyá mi tí a bá tún lọ sìnkú níbẹ̀? Mo gbé ìdérí ìgò ọtí kan lé Àjàṣẹ́ lórí, mo fi kí wọn, mo sì bá tèmi lọ. Michael rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kó ọmọ-ogun méjì wọ Àjàṣẹ́, ó gba ẹ̀yìn ibẹ̀ yọ sí mi, ó gba Badagry. Mo ní Michael, ọmọ Àjàṣẹ́ kọ́ ni ìyàwó tìrẹ náà? Ó ní Bọ̀ọ̀dá Dosu, eré ni o. Eré! Rewájú, máa ṣọ́ra fún ọkùnrin yẹn tó o bá wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ìdí ìwé yìí nìyí. Bá wa wá ogun mìíràn tó gbádùn mọ́ni, tí a ó bọ́ sí tí èyí bá parí. N kò lè bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù, torí fóònù kì í gbọ́ràn ní Gberefu àfi téèyàn bá pariwo, tí mo bá sì pariwo, Michael á gbọ́ ibi tí mo fẹ́ gbà yọ sí i. O sọ lọ́jọ́sí pé òmíràn wà nínú kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń jọba fún irinwó ọdún. Irinwó ọdún! Ta ni yóò máa bá mi ti ọkọ̀ sómi ní gbogbo ìgbà yẹn? O tún ní kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò bá mi jà. Bi wọ́n léèrè fún mi, ṣé kọ̀ǹpútà máa ń sùn? Torí bí mo bá gbé e lọ gba iná ní Badagry, tí mo padà wálé, tó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù tó ń gba ìlú mi nígbà tí n kò sí níbẹ̀, ìrẹ́jẹ nìyẹn. Àti pé àwọn tó bá kú sínú rẹ̀, ta ló ń sin wọ́n?

Tó bá jẹ́ ti orí ẹní ni o rí, kí ọkọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, kí ẹṣin mọ níwọ̀n. Kí èèyàn lè bẹ ọ̀tá rẹ̀ kí ọ̀tá sì gbà. Kí ó ṣeé dá dúró tí Tàjùdíìnì bá dìde lọ kírun, torí a ti fẹnu kò pé ọba kì í kọlu ọba tó wà lórí ìrun. Yẹ ojú páálí rẹ̀ wò dáadáa pẹ̀lú. Yòvó tó wà lójú èyí tó wà lọ́wọ́ wa na idà sí wa tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ fi ń daṣọ bò ó kó tó lè jẹun.

Nípa ti àbúrò rẹ, mo gbọ́ pé ilé-ìwé ti gbà láti mú un. O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ka òfin? Ìlú ńlá mẹ́ta ló gbójú lé ẹnu ọmọbìnrin yìí. Lọ́jọ́ tí ogun bá parí, èmi fúnra mi ni màá wa ọkọ̀ gbé e sọdá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Mo fi Máwù ṣe ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ogun kò tíì parí.

(Ìyá dá sí i láti ìdí ààrò. Ó ní ogun tí kì í mú ẹja wálé, tó jẹ́ pé gààrì ilé ló ń jẹ, kí ló wá ń jẹ́ ogun? Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kí n má kọ ọ́.)

Tí o bá rí owó díẹ̀, fi rán Ṣìkẹ́mi tó ń kó àgbọn wá sí Èkó, má gbà á láti báńkì, torí báńkì kò mọ ọ̀nà Gberefu. Gààrì ti fẹ́ẹ̀ tán nílé, àwọn ọba tí mo ń gbà lálejò kì í sì í jẹun díẹ̀. Ọ̀nà rẹ kò ní dí bí ẹnu omi tí iyanrìn bò. Ibi tí o bá ju àwọ̀n sí, ẹja ni yóò bá ọ níbẹ̀. Ìgbà tí o bá gbàgbé wa, ebi kí ó pa ọ́ díẹ̀, kí o lè rántí. Àmín.

Èmi bàbá rẹ, Dosu, tó ni Badagry tẹ́lẹ̀.

Bàbá ti kó àwọ̀n lọ sétí omi. Ó ku èmi nìkan.

Ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé òfin yẹn, òyìnbó rẹ̀ kò le rárá. Ó ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí eré bá kan gbogbo wa yí po, ọdún kan nìyẹn, tí ọdún kẹwàá bá sì ti pé, kí wọ́n ka ìlú, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí, ogun parí. Ọdún kẹwàá ti kọjá tipẹ́. N kò kà á sí wọn létí, torí ta ni yóò tún máa pè mí ní Adájọ́? Nígbà tí ìròyìn ilé-ìwé dé, mo fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Michael ló ń lé iwájú, n kò lè fojú ara mi rí i kó máa fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ibí dé Ajido.

Mo ní kí bàbá yára gba Badagry padà nígbà náà. Ọ̀nà là fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ-ogun kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Bàbá gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè, ó wò mí, ó wò mí pẹ́, ó sì gbé e padà sí àyè rẹ̀. Ó ní atẹ́gùn kò dára. Atẹ́gùn wo, lórí ẹní? Mo ti ń bínú sí i láti ọjọ́ náà. Ìgbà tó wá pariwo pé ogun kò tíì parí lẹ́ẹ̀kan, tó fẹ̀yìn sí mi tí kò fẹ́ kí n rí ojú òun, ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kò fẹ́ kí ogun parí, kí n má bàa lọ.

Lọ́la, tí wọ́n bá ti jókòó, màá purọ́ kan sí i, màá fajú ro dáadáa. Màá ní òfin sọ pé ìlú tí ọba bá fi ọtí kí, tí kò bá a jà, tirẹ̀ ni ìlú náà, ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ dá gbogbo ohun tó kó padà. Àjàṣẹ́ yóò padà sọ́wọ́ bàbá, Badagry náà yóò padà, ìlú rẹ̀ yóò sì fi ọ̀kan ju ti Bọ̀ọ̀dá Michael lọ. Lẹ́yìn náà màá ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, màá kà á bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, òótọ́ kan ṣoṣo tí mo ti kà nínú ìwé yẹn. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ń dà á kọ nísinsìnyí. Màá kọ “ogun kò tíì parí” síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe pariwo rẹ̀. Òótọ́ ni, títí di ọ̀la.