Sí Ó-kù-díẹ̀, Lórí Ọ̀rọ̀ Fọ́ọ̀mù Àbúrò Rẹ̀

Ó-kù-díẹ̀, àkọ́bí mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé rẹ ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ẹlẹ́dàá tó mú ọ dé ìlú ńlá yóò máa ṣọ́ ìjókòó àti ìdìde rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìdìde yẹn gan-an ni mo ń bá Ọlọ́run sọ jù. Èmi àti bàbá rẹ wà láàyè. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn jò, káfíńtà sì wá tún un ṣe lọ́jọ́ tí a pè é, mo fẹ́ kí o ṣàkíyèsí pé lọ́jọ́ tí a pè é ni mo kọ. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Òun náà kò sún un síwájú.

Inú ń bí mi sí ọ, mi ò sì ní fi pa mọ́. Láti kékeré ni bàbá rẹ ti ń pè ọ́ ní Ó-kù-díẹ̀, nítorí bí a bá ní kí o wá wẹ̀, wàá ní ó kù díẹ̀, bí a bá ní kí o wá jẹun, wàá ní ó kù díẹ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín. A ò rántí pé orúkọ a máa ro ọmọ.

Oṣù mẹ́rin rèé tí o wá sílé fún ìsinmi, tí o sọ níwájú gbogbo wa pé ìwọ ni wàá bá àbúrò rẹ kọ fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ ọ́, pé kò le. O kó ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú báàgì, o lọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní, o ní ọ̀la. Ọ̀sẹ̀ kejì, o ní Mọ́ńdè, pé Mọ́ńdè ló dáa láti fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun. Nígbà tó di oṣù kejì, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa. Mo kó o sínú àdúrà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kó fún Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní àlàáfíà, nítorí mo rò pé ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni, títí bàbá rẹ fi sọ fún mi pé kì í ṣe èèyàn, pé ó dà bí atẹ́gùn tí fóònù ń mí. Mo wá bi wọ́n pé bó bá jẹ́ atẹ́gùn ni, kí ló dé tó ń fẹ́ dáadáa lọ́jọ́ tí o bá ń wo bọ́ọ̀lù nínú fóònù.

Nígbà tí o wà nílé yẹn náà, mo rí ohun kan tó dùn mí tí mi ò sọ. Fóònù rẹ a dún láàárọ̀, wàá na ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora, wàá fọwọ́ pa á lójú, á dákẹ́. Kò ní pẹ́, á tún dún, wàá tún fọwọ́ pa á lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kà. Mo rò pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ ló ń pè, àyà mi ń já pé wọ́n á lé ọ. Àbúrò rẹ ló ṣàlàyé fún mi pé ìwọ fúnra rẹ lo bẹ fóònù pé kó jí ọ. Ẹni tó bẹ èèyàn níṣẹ́, tó tún ń gbá a lẹ́nu bó ti ń jẹ́ iṣẹ́ náà, kí la ó pe onítọ̀hún? Ó tún ní o ra ìwé kan tó ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń jáwọ́ nínú fífi òní dọ́la, pé o máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á tí ọdún bá yí.

Ìdí tí mo fi ń bínú tó báyìí, rántí ojú bàbá rẹ. Nígbà tí ojú òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú wọn, wọ́n ní káwọn kọ́kọ́ rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé tán. Wọ́n rán an tán, wọ́n ní káwọn kọ́kọ́ rán aṣọ àwọn akọrin. Nígbà tí a fi máa dé ọsibítù, dókítà ní ká ní oṣù mẹ́rin ṣáájú la ti wá ni, òun ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Ojú kan ni wọ́n fi ń ránṣọ báyìí, àbúrò rẹ ló sì ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti wọ àbúrò rẹ lọ́kàn. O mọ gbogbo èyí, o sì ní Mọ́ńdè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù náà pa, o fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ọwọ́ rẹ dí, pé bóyá wọ́n á fi ọjọ́ kún un. Bí èèyàn bá pẹ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, oríṣiríṣi eṣinṣin ni yóò bá pàdé, mi ò dúró de èyí tó kù. Mo gbé ojúlówó ìwé ẹ̀rí jáde nínú àpótí, mo fa àbúrò rẹ lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Aago méjì ti lù, aago mẹ́rin ni wọ́n máa tì í.

Ọkùnrin náà ní ká mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan wá tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ò ní ṣílẹ̀kùn. Mo ronú, mo rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, mo sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó dáwọ́ dúró, ó ní Màmá, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan lòun ń wá, kì í ṣe ìtàn. Láti ọjọ́ náà, bó bá pàdé bàbá rẹ lọ́nà, ilẹ̀ ló máa ń wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ tún bi wá bóyá èèyàn ni wá ní tòótọ́. Mo ní kó sọ fún un pé ọmọ mẹ́rin ni mo bí, kò gbà, ó ní ká kọ́kọ́ tọ́ka sí gbogbo àwòrán tí alùpùpù bá wà nínú rẹ̀ ká tó lè jẹ́ èèyàn. A tọ́ka. Ni nǹkan róbótó kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú ẹ̀rọ, ó ń yí, kò lọ, kò bọ̀, mo rò pé ìwọ lo wà nínú rẹ̀. Àbúrò rẹ di aṣọ mi mú bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí aago mẹ́rin lù, ẹ̀rọ náà ní òun ti gbà á. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ohun tí o fi oṣù mẹ́ta gbé kiri nínú báàgì, kò gbà wá tó wákàtí méjì, èmi tí mi ò mọ iwájú kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí ìwé tí o rà yẹn sọ, ṣùgbọ́n ohun tí èmi mọ̀ rèé. Bí mo bá jí, iṣẹ́ tí mo kórìíra jù ni mo máa ń kọ́kọ́ mú, kó má bàa máa wò mí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí koríko bá kún ẹ̀yìnkùlé, tí ara mi ò fẹ́ ẹ, màá sọ fún ara mi pé ibi tó fẹ̀ tó ẹní kan péré ni mo fẹ́ ro. Kí n tó ro ẹní kan tán, ara á ti gbóná, màá ro ìkejì. Ìbẹ̀rẹ̀ ló le, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ò le. Bí o bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́, gbé fóònù yẹn sí yàrá mìíràn. Àlejò tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ kì í jẹ́ ká gbálẹ̀.

Jọ̀wọ́, wá owó díẹ̀ fún wa kí bàbá rẹ lè fi ra awò ojú tuntun. Má gba ti bánkì. Èyí tó kọjá, o ní owó náà ti wà lọ́nà, mo gbé àpótí ìjókòó lọ sí oríta, mo jókòó títí oòrùn fi wọ̀, owó kankan ò gba ibẹ̀ kọjá. Fi lé àbúrò rẹ lọ́wọ́ tó bá ń bọ̀ wálé.

Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti pè é pé kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìlú yín níbẹ̀ ni, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la, kò sì mọ ọ̀nà. Ìwọ lo máa mú un lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lẹ́tà yìí sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má jókòó, kó má mu omi, títí wàá fi kà á tán, torí mo mọ̀ pé bó bá jókòó pẹ́nrẹ́n, abẹ́ ìrọ̀rí ni lẹ́tà mi máa sùn.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọwọ́ tó yá àti ẹsẹ̀ tó ń tètè dé ibi ire. Ohun rere tó ń wá ọ bọ̀ kò ní bá ọ lórí ibùsùn. Ọmọ tìrẹ náà ò ní fi ọ́ sí Mọ́ńdè.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ. Bí o ti ń ka ibí yìí, àbúrò rẹ ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀.