Obìnrin tí Bàámi Fi Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Sí Lọ́wọ́

Màámi àtàtà,

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bàámi fẹ́ fẹ́yàwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná. Láti ìgbà tí a ti sin yín ni Bàámi ò ti sọ̀rọ̀ gidi mọ́. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, wọ́n ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo títì. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n á dúpẹ́, wọn ò ní jẹ ẹ́. Ẹja tí ẹ máa ń bá wọn yọ egungun rẹ̀, ta ni kó tún bá wọn yọ ọ́?

Ni àwọn òṣèré kan bá wá ya sinimá níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀mùtí, ikú ìyàwó ti sọ èkejì di òǹrorò. Òǹrorò yìí ló wá lọ kó sínú ìfẹ́ obìnrin olè tó yẹ kó mú. Àwọn òṣèré náà bẹ Bàámi pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn bí a ṣe ń mú ọ̀daràn. Mo rò pé Bàámi á kọ̀. Àfi bí wọ́n ṣe dìde, tí wọ́n fá irùngbọ̀n.

Àǹtí Ṣadé, opó kan láti Ayépé, ló ṣe obìnrin olè náà. Bàámi fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n ní, "Má jà. Bí o bá ń jà, á tún fún ọ sí i."

Ó wò wọ́n lójú. "Ọ̀gá, ẹ̀yin gan-an lẹ ń jà. Ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn?"

Màámi, Bàámi rẹ́rìn-ín! Ojú mi ló ṣe.

Inú bí mi. Nígbà tó gbé ìkókórè wá sílé wa, ẹnu ọ̀nà ni mo ti dá a dúró. "Kí lẹ ń wá lọ́dọ̀ bàbá mi?"

Kò bínú. "Ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ọkọ mi tó kú, tí kò ní ní kí n gbàgbé ẹ̀, ni mo ń wá. Bàbá ẹ náà ń sọ ti ìyá ẹ fún mi. Mo mọ̀ pé ìyá ẹ kì í kọ orin kan parí kí wọ́n tó bọ́ sórí òmíràn."

Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó wọlé.

Níjọ́ tí wọ́n fi sinimá náà hàn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀ wọ́ Àǹtí Ṣadé tagbára tagbára. Bàámi fò dìde láàárín èrò. "Rọra! O fẹ́ dá a lápá ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Ṣadé, tó jókòó tì wọ́n, rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo wo àwọn méjèèjì, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Bí a ti ń rìn bọ̀ wálé, Bàámi bi mí bóyá mo fara mọ́ kí àwọn fẹ́ Àǹtí Ṣadé. Mo ní mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Wọ́n tún bi mí pé:

"Ṣé inú ò ní bí ìyá ẹ?"

Mo ní, "Màámi á ní ẹ ti pẹ́ jù."

Àbí mo purọ́ mọ́ yín ni, Màámi?

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.