Ọ̀dà Tí Ọkọ Mi Kùn Kò Jẹ́ Kí Rédíò Sọ̀rọ̀

Ọ̀gbẹ́ni Kusumsírì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí àárọ̀ Sátidé tí a kì í gbọ́ ètò yín lórí rédíò nílé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Oṣù mẹ́rin rèé tí ọkọ mi ti dolóògbé. Kí ó tó lọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kun mọ́tò Mọ́rísì wa àtijọ́ lọ́dà, títí dé inú ihò tí rédíò ń gbé. Ó ti ra rédíò náà sílẹ̀, kò rí i dè. Èmi ni mo dè é. Ó yadi.

Ogún ọdún ni mo fi tan tọ́ọ̀ṣì fún un lábẹ́ mọ́tò yẹn, ojú mi kò sì fọ́. Mo yẹ fíúùsì wò, kò jó. Iná ń bọ̀ láti bátìrì. Nígbà tí mo fi wáyà kan so ara rédíò mọ́ bóòtù tí kò lọ́dà lára, ohùn yín jáde ketekete! Ọ̀dà ni kò jẹ́ kí irin rédíò kan irin mọ́tò kí iná lè yípo. Bí mo bá họ ọ̀dà ibi tó tó èékánná kúrò, ó parí.

Ọmọbìnrin wa ní rárá. "Àmmá, ọwọ́ Tàttà ló wà níbẹ̀! Ẹ kúkú fi wáyà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kó máa fì dirodiro bí ìfun adìyẹ? Bàbá ẹ á jí dìde bú mi!"

Ẹ̀rín pa wá, a tún sunkún.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lẹ rí sí i? Ẹ bá wa dá sí i ní Sátidé. Bí ẹ bá ní kí n má họ ọ́, ẹ má bínú sí mi: rédíò mọ́tò náà ni màá ti gbọ́ yín, láìsí wáyà dirodiro yẹn.

Èmi ni,
Opó kan ní Màtárà